Daphne Sheldrick àti Ìtọ́jú Ọmọ Erin Aláìníyàá ní Kẹ́ńyà

Ó ṣòro láti ya ìtàn ìdáàbòbò ẹranko ní Áfíríkà kúrò lára ìtàn ìjọba amúnisìn. Ẹni tó bá ń kọ nípa ààbò erin ní láti bèèrè ẹni tí wọ́n gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ti erin nìkan. Iṣẹ́ Daphne Sheldrick (1934–2018), tí wọ́n bí sínú ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní Kẹ́ńyà, fi ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà hàn.

Ọdún 1948 ni ìjọba amúnisìn sọ Tsavo di igbó ọba. David Sheldrick ni olórí àkọ́kọ́ fún apá ìlà-oòrùn rẹ̀. Láti ìrandíran ni àwọn Waata ti ń fi ọrun ńlá àti ọfà olóró dọdẹ erin ní agbègbè yìí. Òfin tuntun sọ ọdẹ àná di ọ̀daràn. Ní àárín àwọn ọdún 1950, David wà lára àwọn tó darí ìgbógunti tó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n.

Ní 1960 ni Daphne fẹ́ David. Àwọn ọmọ erin tí ìyá wọn ti kú ni ó gbájú mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì ń mu ọmú kì í yè lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí ara rẹ̀ kò gba ọ̀rá inú wàrà màlúù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń dán oríṣiríṣi àdàlù wò kí ó tó rí i pé òróró àgbọn lè rọ́pò ọ̀rá náà.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ní 1974, ó fi ọmọ erin kan tó ń jẹ́ Aisha, tó ti tọ́ fún bí oṣù mẹ́fà, sílẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Aisha kọ oúnjẹ, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni ó ti di ìlànà pé ọmọ erin kan kò gbọdọ̀ fara mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn olùtọ́jú ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń sùn ti àwọn ọmọ erin lóru.

Àjálù tó tóbi jù ń bọ̀. Ọ̀dá 1970 sí 1971 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún erin ní Tsavo, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò eyín erin gbòde. Erin Kẹ́ńyà, tó lé ní 100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò pé 20,000 mọ́ ní 1989. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ààrẹ Daniel arap Moi dáná sun tọ́ọ̀nù 12 eyín erin. Kí ọdún tó parí, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

David ti kú ní 1977. Ọdún náà gan-an ni Daphne dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọ erin nínú igbó ọba Nairobi. Nígbà tó fi kú, àjọ náà ti tọ́ ọmọ erin tó lé ní 200. Ọ̀pọ̀ ti padà sí Tsavo, àwọn kan sì ti bímọ níbẹ̀.

Oyè Dame tó gbà ní 2006 tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ni ìlànà náà ti di ìmọ̀ tí kò bá a kú. Àwọn ni wọ́n ń po wàrà, tí wọ́n ń da kúbùsù bo ọmọ erin nínú òtútù, tí wọ́n sì ń dà wọ́n lọ sínú igbó lójoojúmọ́. Orúkọ wọn kì í sábà hàn nínú ìwé. Igbó tí àwọn ọmọ erin ń padà sí náà sì ni igbó tí wọ́n ti sọ ọdẹ Waata di arúfin. Òpìtàn tó bá gbé ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì ti gé ìtàn náà kúrú.