Atọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti Amẹ́ríkà

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe CEG tiwa. Ẹni tí ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó ń wọ̀ ọ́. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà akẹ́kọ̀ọ́ lè wá iṣẹ́, tàbí kí ó kọjá sí yunifásítì.

Ní 1901 ni wọ́n dá ti ìlú Joliet sílẹ̀, nítòsí Chicago. J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago, ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó nílò láti gba atọ́nà síṣẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan yí padà. Òfin 1944 san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ-ogun tí ó ti ojú ogun dé, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn sì dámọ̀ràn ní 1947 pé kí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ta ni yóò wá jókòó ti ẹni tí ó wọlé?

Burton Clark, onímọ̀ nípa àwùjọ, wádìí ọ̀rọ̀ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì San Jose ní Kalifóníà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wọlé pẹ̀lú èrò yunifásítì. Àwọn tí ó dé ibẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọn kì í dédé lé wọn. Ìdánwò ìwọlé ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni atọ́nà yóò pe akẹ́kọ̀ọ́, yóò fi máàkì rẹ̀ hàn án, yóò sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ darí rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ tí kò lọ sí yunifásítì. Ìkìlọ̀ ń tẹ̀ lé ìkìlọ̀, títí ọmọ náà yóò fi rò pé òun fúnra òun ni ó yàn bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí Clark fún un túmọ̀ sí mímú ọkàn ènìyàn tutù. Ọ̀dọ̀ àwọn gbájúẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: bí wọ́n bá lu ènìyàn ní jìbìtì tán, ọ̀kan nínú wọn a dúró tì í, a máa pẹ̀tù sí i nínú, kí ó má baà pariwo.

Clark kò fi í ṣe ẹ̀sùn; lójú tirẹ̀, ọ̀nà ni láti mú ìjákulẹ̀ rọrùn. Àwa kò lè kà á láìronú. Mélòó nínú àwa olùkọ́ ni kò tíì sọ fún ọmọ kan rí pé série C kò bá a mu? Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, kíláàsì ni ó kún.

Ní 2007, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìlú New York dá ètò ASAP sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 60 sí 80 ni atọ́nà kan ń bójú tó. Lóde ètò náà nígbà náà, wọn kì í dín ní 600. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa rí atọ́nà rẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń san owó ọkọ̀ fún un. Ilé ìwádìí MDRC yan àwọn aláìlówó tí ìdánwò ìwọlé ti sọ pé ìmọ̀ wọn kò tó, irú ẹni tí wọn ìbá mú lọ́kàn tutù ní San Jose, wọ́n sì pín wọn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú 100 tí ó wà nínú ètò náà, 40 ti gba ìwé-ẹ̀rí. Nínú 100 tí kò sí níbẹ̀, 22. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ohio gbà á lò láti 2014, àbájáde tiwọn sì sún mọ́ ti New York.