Ìtàn Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn àti Àwọn Ẹrù Inú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Oníkàn ní ìlú Èkó nítorí pápá eré bọ́ọ̀lù, àti nítorí pápá ńlá tí àwọn Òyìnbó ti ń fi ẹṣin sáré nígbà kan rí, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tafawa Balewa Square. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé kan wà tí kò ga, tí ọ̀pọ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì yà wọ inú rẹ̀. A ṣí i ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé náà láti ọdún yẹn, a ó fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ni ó bí ilé náà, ìbẹ̀rù pé bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní sí ohun kan mọ́ tí a ó kó sínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Ìbíní. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti ti eyín erin lọ sí ìlú wọn, níbi tí wọ́n ti tà wọ́n káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún kẹtàlá lẹ́yìn èyí, ní 1910, ni ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí a ń pè ní Olókun, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba Òyìnbó ni ó dá a lọ́wọ́ kọ́ tí orí náà fi padà, ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ sísun kan bá a dé Jámánì. Ohun tí ọkùnrin yìí kọ nígbà tí ó padà délé yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ìtàn mọ̀. Kò gbà pé àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ilẹ̀ tí àwọn Gíríkì ìgbàanì sọ pé ó rì sínú òkun. Ọ̀mọ̀wé ni o! Ó rọrùn fún un láti gbà pé odindi ilẹ̀ kan rì ju pé ọmọ Ifẹ̀ mọ idẹ rọ lọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1938, bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ọkọ́ wọn kan irin. Irin kọ́, orí idẹ ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, orí sì ń jáde tẹ̀lé orí, ọ̀pọ̀ nínú wọn tó orí ènìyàn gan-an, tí àwọn mìíràn ní ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi tẹsẹ̀ mọ́rìn. Méjì bá William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, lọ sí ilẹ̀ rẹ̀; ó dá wọn padà ní ọdún 1950. Ọ̀kan dé British Museum ní 1939, kò sì padà. Èmi náà ti dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òyìnbó kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá mo mọ ibi tí Ifẹ̀ wà. Mo ní ọkọ̀ ni a ń wọ̀ láti Ìbàdàn, kò tó wákàtí méjì. Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé a ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀run.

Ọọ̀ni Adesoji Aderemi kò jẹ́ kí ìyókù tú ká. Wọ́n pa wọ́n mọ́ sí ààfin, ìjọba sì fi òfin dí ọ̀nà òkun. Nígbà tí àwọn orí náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1948 fún ìtọ́jú àti àfihàn, wọ́n padà wá sílé.

Ibí ni ó yẹ kí a ti dárúkọ Kenneth Murray. Aina Onabolu, ayàwòrán wa àkọ́kọ́ tí ó lókìkí, ti ń rọ ìjọba láti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí èyí ni Murray fi dé Nàìjíríà ní 1927. Olùkọ́ ni, Ben Enwonwu wà lára àwọn tí ó kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọ́ ọmọ ní gbígbẹ́ ère ni ó ń rí i pé àwọn ère tí ó dára jùlọ ń jóná, tàbí kí ikán máa jẹ wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi owó oṣù rẹ̀ ra èyí tí ó bá lè rà. Ní 1943 ni ìjọba fi í ṣe olórí iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́. Ilé Ẹsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta tí ó ju 800 lọ wà, ni ó kọ́kọ́ ṣí, ní 1945. Jos tẹ̀lé e ní 1952, tí Bernard Fagg dá sílẹ̀. Ifẹ̀ ní 1954. Òfin 1953 sì dá ọwọ́ àwọn tí ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun dúró díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Nígbà tí Èkó ṣí ní 1957, ohun tí Murray ti kó jọ ni ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó yẹ kí a bi ara wa bí ère ṣe ń kúrò lójúbọ dé ọwọ́ ẹni tí ń rà á. Nígbà mìíràn, baba ti kú, ọmọ sì ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ojú ń tì í láti rí òrìṣà baba rẹ̀ nílé. Nígbà mìíràn, owó orí ni a fẹ́ san. Kì í ṣe olè ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe ọrẹ àtinúwá ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo hàn án nínú gbogbo ẹrù Oníkàn, ère Tada ni mo máa mú un lọ wò. Tada jẹ́ abúlé lẹ́bàá odò Ọya ní ilẹ̀ Nupe. Ọkùnrin kan ni ère náà, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti kán. Bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ ògidì ni a fi rọ ọ́, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ Ifẹ̀ yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Tada a máa gbé e lọ sí etí odò ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn a sì fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí àwọn obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ń dán lónìí, ọwọ́ àwọn tí wọ́n fọ̀ ọ́ ni ó dán an.

Ilé náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn iṣẹ́ idẹ Igbo-Ukwu wà níbẹ̀, tí ọkùnrin kan tí ń gbẹ́ ihò omi nínú agbolé rẹ̀ kọ́kọ́ kàn, tí Thurstan Shaw sì wú púpọ̀ sí i láti 1959. Iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n. Ti Ìbíní wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀nà tí díẹ̀ nínú wọn sì gbà dé kò dùn ún sọ: láàrin 1950 sí 1972, British Museum ta iṣẹ́ Ìbíní tí ó ju 20 lọ fún Nàìjíríà, torí wọ́n ní àwọn ní ẹ̀dà wọn. A fi owó wa ra ẹrù wa.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ọdún 1973 ṣòro láti gbé mì. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, a sì mú orí idẹ Ìbíní kan kúrò ní Oníkàn kí ó lè fi ta ọbabìnrin lọ́rẹ. Ekpo Eyo, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti di olórí iṣẹ́ náà láti 1968, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ológun dúró? Àwọn ará ilé ọbabìnrin rò pé iṣẹ́ òde òní ni. Ó di 2002 kí ó tó hàn gbangba pé ohun àtayébáyé gan-an ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rẹ́ yẹn ni FESTAC ọdún 1977, tí Nàìjíríà bẹ British Museum fún ojú Idia, tí wọn kò fún wa, tí a fi ní láti lo ẹ̀dà rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976, a gbé ọkọ̀ rẹ̀, tòun ti ihò ọta ìbọn ara rẹ̀, wá sí Oníkàn. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fẹ́ rí ṣáájú ohunkóhun. N kò sì bá wọn wí. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, inú ọgbà ilé yìí kan náà ni a ti gba iṣẹ́ Ìbíní 119 tí ìlú Netherlands dá padà.

Nígbà kan tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, a dúró níwájú àwọn ère ìbejì. Ẹ mọ̀ pé ìyá ìbejì a máa wẹ ère náà, a fi osùn kùn ún, a sì fún un lẹ́wà jẹ, títí imú àti ẹnu rẹ̀ yóò fi jẹ́ kìkì dídán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú bóyá òun lè fi ọwọ́ kàn án. Olùtọ́jú ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ohun wọ̀nyí ti gbó. Ọmọ náà ní méjì wà ní yàrá ìyá òun àgbà ní Ìsẹ́yìn, òun ni òun sì máa ń wẹ̀ wọ́n bí òun bá lọ lo ìsinmi.