Àkópọ̀ Fọ́tò gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ìjíròrò lórí Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti gbé fọ́tò kalẹ̀, àríyànjiyàn ti parí. Àwọn tí ó ń la ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa ìyípadà ojú-ọjọ́ a máa kó fọ́tò àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí jọ, wọn a gé wọn, wọn a lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó kan, wọn a sì pe ènìyàn jọ láti sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ẹ̀rí tí àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fún òpìtàn. Àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì ni a óò fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò wa ni pé àkópọ̀ fọ́tò kì í di ẹ̀rí àfi ìgbà tí àwọn tí ó ni ibi tí a yà bá sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Àkópọ̀ fọ́tò láàárín àwa Yorùbá

Kíkó àwòrán pọ̀ sójú kan kì í ṣe àṣà àjèjì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa àwọn ayafọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ìlú tí a kò gbọdọ̀ ṣì mú fún Òkè-Ìlá tiwa. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú African Arts ní 1978. Ó fi hàn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin fún ọmọ kan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àlejò tí ó bá rí fọ́tò yìí yóò ka ọmọ méjì. Àwọn ará ilé mọ̀ pé ọ̀kan ni ó wà láàyè. Fọ́tò náà kò tan ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ wà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ìhà ìlà-oòrùn wa. Láàárín 1909 àti 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Northcote Thomas láti ṣe ìwádìí láàárín àwọn Ẹ̀dó àti àwọn Ìgbò, ó sì ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Láti 2018, Paul Basu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà padà sí ìlú tí a ti yà wọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ sì dá baba ńlá wọn mọ̀. Ohun tí a yà fún ìlò ìjọba di ohun ìní ẹbí.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn

Kò sí ilé àgbà kan ní Òkè-Ìlá tí kò lè ní fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú. Ojú ẹni tí a yà ni onífọ́tò máa ń wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó yẹ kí òpìtàn wò: igi, ògiri alámọ̀, òrùlé páànù, ọ̀nà odò. Ayafọ́tò kò gbèrò láti ya àwọn wọ̀nyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe níye lórí. Òótọ́ ni pé yìnyín orí òkè Kilimanjaro ti dín ní ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ láti 1912, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa jiyàn lórí rẹ̀ ní Òkè-Ìlá? Igi ẹ̀yìnkùlé ẹni ni ènìyàn lè jẹ́rìí sí.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni a gbọdọ̀ bi fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọdún wo ni? Oṣù wo ni? Kí ni ó fa ohun tí a ń wò? Ilẹ̀ kan náà tí a yà nínú ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ àti nínú òjò oṣù Agẹmọ yóò dà bí ẹni pé igbó ti kú.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù. Adó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà, 1996. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1982. Fọ́tò tí igi wà nínú rẹ̀ nígbà kan, tí òrùlé sì gba ipò igi lónìí, ń jẹ́rìí sí pípọ̀ ènìyàn kí ó tó jẹ́rìí sí ojú-ọjọ́. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ìyípadà ojú-ọjọ́, bàbá tí ó ta ilẹ̀ náà mọ̀ pé irọ́ ni a ń pa, kò sì ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Síbẹ̀, ọ̀ràn méjèèjì so mọ́ra: ilẹ̀ tí a ti fi sìmẹ́ńtì bò kì í fa omi mu, òjò líle sì ń rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn kan yóò wí pé àgbà a máa ka àná sí rere ju òní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi gbọ́dọ̀ yẹ ìrántí wò, kí ìrántí náà sì yẹ fọ́tò wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1983, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó púpọ̀ ní Gánà nínú ọ̀dá ńlá. Bí a bá gbé fọ́tò oko kòkó ìgbà náà síwájú àgbẹ̀ Èkìtì, ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí ni a fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ohun tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A dábàá pé kí a kọ ọdún, oṣù àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni fọ́tò sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí àríyànjiyàn sì wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní àdúgbò. Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ ti Nàìjíríà ti wà láti 2021, ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún Òkè-Ìlá gọ́tà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ là tàbí ibi tí ó yẹ kí a tún igi gbìn sí. Àwọn tí ó rántí ibi tí omi ń gbà kọjá ni ó lè sọ ọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àkópọ̀ fọ́tò tí a bá ṣe dáadáa yóò jẹ́ kí ọmọdé àti àgbà jùmọ̀ wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.