Ìjánu, Omi Agbooru, Bẹ́líìtì Àjọyí: Èdè Ọkọ̀ Láàárín Yorùbá Angondjé

Angondjé, ní ìhà àríwá Libreville ní orílẹ̀-èdè Gabon, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akanda, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ti ń pẹ́ kó tó sọ ohun tó ń ṣe é. Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ti gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2012 àti 2017 ló sọ orúkọ àdúgbò náà di mímọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé béèyàn bá ti yà kúrò lójú títì ọlọ́dà, kòtò àti ẹrẹ̀ lè máa dúró dè é. Òjò tó ń rọ̀ ní Libreville lọ́dún sún mọ́ 3,000 mìlímítà, nígbà tí ti Ìbàdàn kì í sábà kọjá 1,500. Afẹ́fẹ́ òkun tún ń gbé iyọ̀ wá, ó ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń hu ìpẹtà sórí bátìrì.

Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá tó ń wakọ̀ níbẹ̀ gbà wá. Àwọn kan ti Nàìjíríà wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fún wọn ní orúkọ ohun inú ọkọ̀: bírékì, kíláàṣì, plọ́ọ̀gì, táyà. Àwọn kan ti Kétu, Pọbẹ̀ àti Sakété wá, ní orílẹ̀-èdè Benin. Frein, embrayage, bougie àti pneu ni tiwọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n jọ ń kí ara wọn, wọ́n jọ ń ṣe ìnáwó, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà tí wọ́n jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èdè ẹlòmíì ni kálukú fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Èmi kò sọ pé ká lé gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò jáde nínú ọkọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká wá ibi tí orúkọ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà, kí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí etí méjèèjì gbọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́ ohun kan náà. Bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní, “Ẹ wá bá mi ní gáréèjì,” ibi tí èrò ti ń wọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ni ará Kétu máa wá a lọ, torí ibẹ̀ ni Faransé ń pè ní garage. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní mọ́tò òun kò dára, ọkọ̀ ló ń wí. Lẹ́nu ẹnì kejì, alùpùpù ni moto. Ìwọ̀nyí kò pa ẹnikẹ́ni lára ju pé àkókò ṣòfò. Èyí tó léwu ni ti epo. Ohun tí ará Nàìjíríà ń pè ní bẹntiróòlù, tàbí pẹtiróòlù, essence ni wọ́n ń pè é ní Gabon àti ní Benin. Pétrole tiwọn ni karosíìnì, epo tí a fi ń tan àtùpà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tó rán ọmọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì pé kó lọ ra “pétrole” wá fún ọkọ̀ tó gbẹ sójú títì, karosíìnì ni wọ́n máa bù fún ọmọ náà, ẹni tó ta epo náà kò sì jẹ̀bi. Ẹ́ńjìnì tó bá mu ún á máa rú èéfín, á kọ̀ láti gbiná, owó á sì tún jáde láti fọ táǹkì. Níhìn-ín, kí a sọ pé “epo ọkọ̀” àti “epo àtùpà” nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá fún ara wa, kí a sì fi essence tàbí gasoil ṣe àlàyé èyí tí ọkọ̀ náà ń mu. Gasoil ni disẹ́ẹ̀lì.

Bí orúkọ bá tilẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sí bí awakọ̀ ṣe ń ro ẹjọ́ ọkọ̀ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń fà mí sọ́tùn-ún.” Ẹni tó gbọ́ èyí ti mọ̀ pé bírékì ẹsẹ̀ kan ló ń mú ju ti èkejì lọ, tàbí pé afẹ́fẹ́ táyà kò dọ́gba. “Ó ń yọ̀”: ẹ́ńjìnì ń pariwo, ọkọ̀ kò sáré, kíláàṣì ti jẹ. “Ó ń ké bí mo bá fẹ́ dúró”: páàdì bírékì ti tín, ó kù díẹ̀ kí irin máa ha irin. “Ó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi”: afẹ́fẹ́ ti wọ inú bírékì tàbí ibì kan ń jò, kí ọkọ̀ náà má kúrò lójú kan. “Ó ń gbọ̀n bí mo bá sáré”: ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dọ́gba. “Ó mu omi”: ó ti la àgbàrá kọjá, omi ti gba ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì fi ń mí wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ tún yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀ nínú sílíńdà, omi kò ṣeé fún. Irin tó ń ti písítìnì ló máa tẹ̀. Ará Kétu àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí. Inú wọn ni ó yẹ ká ti máa yọ orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣíwájú wa ṣe. Wọ́n rí ohun tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ láìsí ẹṣin tó ń fà á, wọ́n pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n gbọ́ ìró alùpùpù, ìró náà di orúkọ. Nígbà tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun sì kún ìlú, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé ni wọ́n fún un: tòkunbọ̀. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lé e lórí. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ṣe tiwọn. Iṣẹ́ àkànṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Èdè-Ìperí Yorùbá tún jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú apá kìíní ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ló ṣe ti èkejì ní 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Abẹ́ ọkọ̀ ṣì ń dúró de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni bírékì. Ìwé pè é ní ìjánu, orúkọ irin ẹnu ẹṣin. Àwọn kan ń ṣàtakò pé fífà là ń fa ìjánu, títẹ̀ là ń tẹ bírékì. Àtakò náà kò wúwo lójú mi, torí láti Kétu títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí “kóra ẹni níjàánu” túmọ̀ sí. Kí a sọ pé “tẹ ìjánu”, ọ̀rọ̀ náà á gbà á. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tó wà nínú agolo kékeré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní “ọ́ìlì bírékì”. Kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹni tó bá gba orúkọ yẹn gbọ́, tó sì da epo ẹ́ńjìnì sí i, á rí i pé àwọn rọ́bà inú bírékì wú, wọ́n sì bàjẹ́, ẹsẹ̀ á sì tẹ òfìfo lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀ jù. Omi ìjánu ni kí a máa pè é. Orúkọ náà tún máa rán wa létí pé nǹkan ọ̀hún ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru díẹ̀ á tó láti mú un hó. Níbi tí òjò pọ̀ bíi ti Libreville, kí ọlọ́kọ̀ má jẹ́ kó pé ọdún méjì kó tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ti rédíétọ̀ yàtọ̀. Orúkọ rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, radiateur ni Faransé ń pè é, etí méjèèjì gbọ́ ọ. Kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń dà sínú rẹ̀ ni kò ní orúkọ rere. “Omi rédíétọ̀” ń jẹ́ kí èèyàn rò pé omi kómi ni, wọ́n á bu omi ẹ̀rọ sí i, ìpẹtà àti ìdọ̀tí á dí ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnì. Ó kọ́kọ́ wù mí láti pè é ní omi ẹ̀rọ̀, torí omi inú ìgbín tí a mọ̀ pé ó ń tu nǹkan lára ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kan péré ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi ẹ̀rọ, ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n dà sí i gan-an. Omi agbooru ni mo yàn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń gba ooru lára ẹ́ńjìnì, ó ń gbé e lọ sí rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ mú un lọ. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rẹ̀. Agbára tí ìdérí fi tẹ omi náà ni kò jẹ́ kó tètè hó; bí a bá ṣí i, ó di oru lójú ẹsẹ̀, ojú ẹni tó ṣí i ló máa fọ́n sí.

Táyà kò nílò orúkọ tuntun. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà DOT lára rẹ̀: 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2018. Ọjọ́ orí táyà nìyẹn, ó sì dára ká wò ó kí a tó sanwó fún àlòkù.

Ó ku èyí tó ti jẹ owó àwọn tó ra tòkunbọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi já sí èbúté Owendo. “Táímíìnì bẹ́líìtì” ni lẹ́nu àwa ará Nàìjíríà, courroie de distribution lẹ́nu àwọn ará Benin. Bí a bá ní ká pè é ní bẹ́líìtì àkókò, a kàn tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ni, ọlọ́kọ̀ á sì rò pé ọ̀rọ̀ aago ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí irin ìsàlẹ̀ tí písítìnì ń yí àti irin òkè tó ń ṣí fáàfù jọ máa yí, tí ti ìsàlẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀mejì kí ti òkè tó yí lẹ́ẹ̀kan. Mo pè é ní bẹ́líìtì àjọyí. Bó bá já nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, písítìnì á gbá fáàfù, iṣẹ́ ńlá ló sì kù. Ọkọ̀ míì wà tí ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́líìtì. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á bi ẹni tó ń tà á pé: “Ọ̀gá, bẹ́líìtì àjọyí ni àbí ṣéènì? Ta ló pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ìwé rẹ̀ dà?” Bí kò bá sí ìwé, kí ó fi owó bẹ́líìtì tuntun kún owó ọkọ̀ kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.