Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Brítánì nípasẹ̀ ìran

Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Brítánì nípasẹ̀ ìran ni ẹ̀tọ́ tí ẹni tí a bí sí òkè òkun ń jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Òfin ọdún 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1983, ló ń darí rẹ̀.

Ìran kan péré ni ẹ̀tọ́ yìí sábà máa ń dé. Fún àpẹẹrẹ, obìnrin Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, jẹ́ ọmọ Brítánì nítorí ibi tí a bí i sí. Bí ó bá bímọ sí Èkó ní ọdún 1990, ọmọ náà jẹ́ ọmọ Brítánì nípasẹ̀ ìran. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí náà bá bímọ sí Èkó, ọmọ-ọmọ kì í sábà jogún ẹ̀tọ́ náà. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ọmọ-ọmọ náà lè béèrè fún físà láti lọ ṣiṣẹ́ ní Brítánì nítorí ìyá rẹ̀ àgbà, bí ó bá ti pé ọdún 17.

Ṣáájú ọdún 1983, bàbá tó fẹ́ ìyá ọmọ lábẹ́ òfin nìkan ló lè fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Lónìí, àwọn tí ìyà yìí jẹ nítorí pé ìyá wọn ló jẹ́ ọmọ Brítánì lè béèrè fún ìforúkọsílẹ̀.