Dídá Rin Ọ̀nà John Muir

Ọ̀nà John Muir jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ lórí àwọn òkè Sierra Nevada ní ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà. Àfonífojì Yosemite ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí góńgó Mount Whitney, tó ga ní mítà 4,421. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 340. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn ín, àwọn mìíràn sì máa ń dá a rìn.

Muir fúnra rẹ̀, ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní 1838, fẹ́ràn àtimáa dá rìn lórí àwọn òkè yìí. Búrẹ́dì àti tíì ló sábà ń mú dání. Ní 1915, ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, ni ìjọba California fowó sílẹ̀ fún ọ̀nà náà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1938.

Omi ló yẹ kí adárìn bẹ̀rù ju ẹranko lọ. Yìnyín lè wà lórí òkè títí di oṣù Keje. Bí oòrùn bá ṣe ń mú ni yìnyín ń yọ́, tí odò ń kún: odò tí èèyàn fẹsẹ̀ là kọjá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lè gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn á sùn sí etí odò di òwúrọ̀. Á tú okùn àyà àti ti ìbàdí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè bọ́ ọ kíá bí omi bá gbé e ṣubú. Á fi ọ̀pá wádìí ìsàlẹ̀ omi kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Àwọn tó jọ ń rìn lè di ọwọ́ ara wọn mú. Ọ̀pá yẹn nìkan ni adárìn ní. Bí omi bá lágbára jù, kó padà sẹ́yìn. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ojo.

Béárì dúdú náà ń bẹ, oúnjẹ ni wọ́n sì ń wá kiri. Nítorí náà ni òfin ṣe ní kí àwọn arìnrìn-àjò kó oúnjẹ sínú agolo líle tí èékánná béárì kò lè ṣí. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń yí ìdérí irú agolo kan, iṣẹ́ tí kò rọrùn fún ìka tó ti kú fún òtútù.

Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, àrá máa ń sán níbi gíga tí kò sí igi, àárọ̀ ló sì dára láti ré ibẹ̀ kọjá. Ní 1930, ẹgbẹ́ Sierra Club kọ́ ahéré olókùúta kan sí Muir Pass, ibi gíga kan lójú ọ̀nà náà, fún ẹni tí ìjì bá ká mọ́ ibẹ̀.

Ní ibi tó pọ̀ jù, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ìwé pélébé tí adárìn bá fi sílẹ̀ nílé ṣe pàtàkì: ibi tó fẹ́ sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó yẹ kó pè, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bí wọn kò bá gbúròó rẹ̀.