Owó Údójì àti Ọkàn Ẹni Tí Ó Ná An

Ní ọdún 1972 ni ìjọba ológun Yakubu Gowon yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ iṣẹ́ ọba wò. Olóyè Jerome Udoji ni alága rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi ọwọ́ sí èyí tí ó pọ̀ nínú àbá wọn ní ìparí ọdún 1974, owó epo ti ń wọlé bí òjò. Wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n sì ní kí ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún náà. Báyìí ni àfikún ọ̀pọ̀ oṣù ṣe bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Àwọn ènìyàn kò pè é ní owó oṣù. Údójì ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tẹjú mọ́. Kí owó oṣù tó dé ni a ti pín in tán: ti onílé, ti ilé-ìwé ọmọ, ti oúnjẹ, ti ìyá ní abúlé. Údójì kò ní ẹni tí ń dúró dè é. Òógùn wọn ni, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kọjá ni, síbẹ̀ ó dà lójú wọn bí ohun tí ènìyàn rí he lọ́nà. Ẹni tí ń fi wákàtí kan ná ọjà nítorí kọ́bọ̀ márùn-ún wá di ẹni tí ń ra alùpùpù, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ amómitutù.

Richard Thaler, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí irú ìwà yìí ní ọdún 1985: ènìyàn a máa pín owó sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn ìyálọ́jà ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbà kí alájọ mú owó ọjọ́ kan nínú àjọ oṣù kan. Owó tí ó bá gba ọwọ́ alájọ a padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe. Údójì kò gba ọwọ́ alájọ kankan.

Àwọn òǹtajà náà kò sùn. Owó ọjà fò sókè. Ní ọdún 1975, ìgbésókè rẹ̀ lé ní 30 nínú 100. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi rí tiwọn gbà. Ṣùgbọ́n ta ni àgbẹ̀ àti télọ̀ ìbá daṣẹ́ sílẹ̀ fún? Wọn kò gba kọ́bọ̀ nínú Údójì, iye tí olówó oṣù ń ra gàrí ni àwọn náà sì ń rà á.